Ọdún tí Wọ́n Wá Ka Ilé Wa

Òórùn ọ̀dà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìnkùlé ni mo jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, mò ń ṣa ẹ̀wà tí èmi nìkan yóò jẹ, òórùn náà sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé wá bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Kí n tó fi orúnkún tí kò gba ìkánjú mọ́ yìí rìn dé iwájú ilé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ ẹ̀wù ìjọba lé aṣọ rẹ̀ ti kọ nọ́ńbà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Ó ní àwọn ń ṣètò sílẹ̀ de ìkànìyàn ni.

"Mama, èèyàn mélòó ló ń gbé inú ilé yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin àti àwọn wo, Mà?"

"Èmi nìkan."

Ó tẹ nǹkan lórí fóònù ńlá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé garawa ọ̀dà rẹ̀, ó kọjá sí ilé tó tẹ̀lé e. N kò mọ ohun tí mo ń retí pé kó ṣe. Bóyá mo rò pé yóò wo ilé náà lókè nílẹ̀, kó wo àwọn fèrèsé rẹ̀ tó pọ̀ bíi ti ilé ìwé, kó sì ní, "Gbogbo ilé ńlá yìí náà, Mama?" Kò sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n òórùn ọ̀dà yẹn kò bá a lọ. Ó dúró tì mí títí di ọ̀sán, òun ló sì mú mi rántí ìkànìyàn mìíràn, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ilé yìí kan náà kún débi pé ẹni tó bá pẹ́ wọlé sùn kì í rí ẹní.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ẹ jẹ́ kí n fi ilé náà hàn yín bó ṣe rí nígbà yẹn. Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ló wà, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, tí òrùlé páànù rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bí oòrùn bá ti mú un. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ló fi owó obì kọ́ ọ. Bí àsìkò obì bá dé, tọmọdé tàgbà ló ń bó obì lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì mú wa léèékánná débi pé kàn-ìn-kàn-ìn kò ní lè bó o títí a ó fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìyá Àgbà, ìyàwó àkọ́fẹ́ Bàbá Àgbà, ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà. Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì, ló ń rí sí gààrí, ibi tó ti ń yan án sì ni gbogbo àwa ọmọdé máa ń kóra jọ sí nígbà òtútù. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí, ó ku àwọn ọmọ wọn, àwọn ọmọ àbúrò wọn, àti àwọn tí kò sẹ́ni tó rántí mọ́ bí wọ́n ṣe dé ilé wa.

Èmi náà, wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ ni. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi ní Jọ́ọ̀sì, òun àti ìyá mi ló wà lọ́hùn-ún, wọ́n sì ní kí n dúró sílé kí n lè mọ ẹbí, kí n má baà di ẹni tí ń fi Hausa kí bàbá bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù nílé, yálà kí wọ́n ti dàgbà jù mí lọ tí wọn kò rójú tèmi, tàbí kí wọ́n ṣì máa rá. Nínú ilé tó kún fọ́fọ́ yẹn, ewúrẹ́ Ìyá Kékeré ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ náà kì í já ọ̀rọ̀ mi gbà, ìyẹn dára nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo sọ tó yà á lẹ́nu rí.

Lẹ́yìn náà ni Wùnmí dé.

Ọmọ Makun-Omi ni, létí omi lọ́hùn-ún, níbi tí ilé wọn ti dúró lórí òpó lójú omi. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti ń ra ẹja. Òwò ló bẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀rẹ́. Ìyá rẹ̀ ló bẹ Ìyá Àgbà pé kó bá òun mú ọmọ náà sọ́dọ̀, kó lè máa lọ sí ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítorí pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ kí wọ́n tó dé èyí tó wà nítòsí tiwọn. Lọ́jọ́ tó dé, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì pẹ̀lú agbọ̀n ẹja lórí, ó wo igi tó yí ìlú wa ká, ó sì dì mọ́ aṣọ Ìyá Àgbà. Ọmọ tí ń wẹ odò já kò bẹ̀rù ohun kankan nínú omi, ṣùgbọ́n igi ń bà á lẹ́rù. Bí a bá lọ sóko obì, etí aṣọ mi ni yóò dì mú títí a ó fi jáde.

Kò rí oorun sùn dáadáa nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ó ní ilé wa dákẹ́ jù. Ẹ wo ilé tí ọmọ ọwọ́ ń ké, tí àgbàlagbà ń hanrun, tí àgùntàn ń wúkọ́ ní ẹ̀yìn fèrèsé! Mo bi í pé ìdákẹ́ wo ló ń sọ. Ó fi etí lé ẹní, ó ní òun ò gbọ́ omi nísàlẹ̀.

Ẹní kan ni a jọ ń sùn, àwo kan ni a jọ fi ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, orí ẹja sì ni ìjà wa. Ojú ẹja ló fẹ́ràn jù. Ó ní ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ kì í ṣìnà lójú omi, mo sì dá a lóhùn pé kò sí omi ní Japara, kó fún mi jẹ. A máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bá sọ̀rọ̀ bíi ti àwọn ará etí omi. Kò pẹ́ tó fi ń sọ Ìjẹ̀bú ju àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, Wùnmí á ti ké láti ẹ̀yìnkùlé pé "Yèsí?", bí Ìjẹ̀bú ṣe ń béèrè pé ta nìyẹn, ohùn Ìyá Àgbà gẹ́lẹ́ ni, àlejò á sì ti máa kúnlẹ̀ kó tó rí i pé ọmọdé ló ń jẹ́ òun lóhùn.

Ṣọ́ọ̀ṣì la ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìkànìyàn. Lẹ́yìn ìwàásù ni àlùfáà kà á sí wa létí pé kí kálukú dúró de àwọn aṣojú ìjọba nílé. Àwọn kan ní owó orí ni wọ́n fẹ́ fi pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn ní ìlú tí èèyàn rẹ̀ bá pọ̀ ni wọn yóò da ọ̀dà sí títì rẹ̀. Ìyá Àgbà kò bá wọn dá sí i. Ohun tó ń dùn ún ni pé ẹnìkan fẹ́ wá ka ọmọ.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, bàbá Wùnmí dé. Ọkùnrin gíga kan ni, apẹja, tí ohùn rẹ̀ kéré ju ara rẹ̀ lọ. Ó ti ṣí fìlà kó tó dé ìloro. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Àgbà, ó gbé ẹja kalẹ̀, lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó bá wá.

"Àwọn àgbà wa ló ní kí gbogbo ọmọ wa wálé. Wọ́n ní bí a kò bá pọ̀, ìjọba kò ní rí wa."

Ìyá Àgbà ní, "Ibi tó ń sùn ni kí wọ́n ti kà á. Ẹ fẹ́ gbé ọmọ kúrò nílé ìwé nítorí kíkà?"

Ọkùnrin náà wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sókè sódò. Gbogbo wa ló wà níbẹ̀, lórí àga, lórí ilẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà iyàrá, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lẹ́sẹ̀.

"Ìyá," ó ní, "ẹ̀yin pọ̀. Àwa ò pọ̀."

Bàbá Àgbà mi orí, ó ní kí Wùnmí lọ múra.

Mo rò pé yóò sunkún. Mo ti ń múra ẹkún tèmi sílẹ̀ kí a lè jọ sun ún. Ṣùgbọ́n inú Wùnmí dùn. Ó ń lọ rí ìyá rẹ̀, ó ń lọ sùn lórí omi, ta ló máa bá a wí? Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó fò wọlé, ó fò jáde, ìgbà tó rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi ló tó rántí pé èmi kò lọ.

"Má jẹ ojú ẹja tèmi o. Mò ń bọ̀."

Bàbá rẹ̀ náà ní bí wọ́n bá ti ka àwọn tán, a ó rí wọn.

Tíṣà wa ni ìjọba rán sí àdúgbò wa, ẹni tó ń kọ́ wa ní ìṣirò, tó sì ń darí orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọ sálúbàtà tuntun, ó fi pẹ́ńsù há etí, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò wọ ilé wa rí.

"Kí ni orúkọ baálé ilé yìí?"

Bàbá Àgbà wò ó. "Tíṣà, ṣé ibí yìí kọ́ lẹ ti jẹ iṣu lọ́jọ́ Ìsinmi ni?"

Tíṣà wúkọ́, ó kọ orúkọ sílẹ̀. Ó béèrè iye ìyàwó. Bàbá Àgbà kò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Àgbà nìkan ni wọ́n mọ̀. Ìyá Kékeré máa ń jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bí ẹni tó wá ya ibẹ̀ wò.

"Tíṣà, ìjọba ló ń béèrè ni, àbí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ìjọba ni, Bàbá."

"Bó bá ṣe ti ìjọba ni, méjì ni."

Ìyá Kékeré rẹ́rìn-ín débi pé ó fi ìpàkọ́ gba ògiri. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀ níbikíbi.

Ẹ̀rín náà tán nígbà tó kan Ìyá Àgbà. Tíṣà bi í pé ọmọ mélòó ló bí. Ó ká apá lé àyà. Ó ti sin nínú àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì ní fi ẹnu ara rẹ̀ ka àwọn tó kù fún ohun burúkú tó lè máa gbọ́. "A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, Tíṣà. Àwọn rèé. Ẹ wò wọ́n." Tíṣà bẹ̀bẹ̀ títí, kò gbà. Bàbá Àgbà ló wá là wọ́n: ó ní kí kálukú jáde sí iwájú ilé, kó fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀. A tò bí ẹni tó fẹ́ gba àjẹsára. Ojú ti ọmọ Ìyá Kékeré kan débi pé orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dá. Nígbà tó kàn mí, mo sọ tèmi, n kò sì kúrò níbẹ̀.

"Wùnmí náà ń bẹ," mo ní.

Tíṣà wò yí ká. "Wùnmí dà?"

"Ó ń bọ̀, sà."

"Ẹ kọ ọ́," Ìyá Àgbà ní. "Ọmọ ilé yìí ni."

"Ìyá, ibi tí èèyàn bá wà la ti ń kà á. Wọn kì í ka ẹnìkan níbi méjì."

"Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un. Èmi ni mò ń di irun rẹ̀. Ta ló sọ fún yín pé kò sí níbí?"

Gbogbo wa kọjú sí Bàbá Àgbà. Ó fẹ́ràn Wùnmí. Òun ló máa ń bó ọsàn fún un lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí yóò sì mu ìlàjì rẹ̀ kó tó gbé e fún un.

"Ẹ má kọ ọ́, Tíṣà. Wọ́n nílò rẹ̀ lọ́hùn-ún jù wá lọ."

Ìyá Àgbà wọlé. Ìyá Kékeré ló dáná ọjọ́ náà. Èmi tí bàbá àti ìyá mi wà ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n kọ mí mọ́ ilé náà láìsí àríyànjiyàn. Ọmọ tí mò ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ kò sí lára wa.

Wùnmí kò padà. Ọjà tó tẹ̀lé e, mo lọ dúró níbi tí lọ́rì àwọn ẹlẹ́ja máa ń já èrò sí. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ bímọ, ó nílò ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́. Ìyẹn yé mi. Mo tún lọ lọ́jà kejì, àti èyí tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni òjò dé, ọ̀nà bàjẹ́, ìyá rẹ̀ kò sì bá wọn gbé ẹja wá mọ́ nítorí ọmọ ọwọ́. Mo bẹ Ìyá Àgbà pé kó jẹ́ ká lọ mú un wá.

"Ọmọ ọlọ́mọ ni," ó ní. "Bí wọ́n bá fẹ́ kó padà, wọn á mú un wá. A kì í fi agídí tọ́ ọmọ ẹlòmíràn."

Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbà bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ẹni méjì ló ń bù sínú àwo mi. Mo rí gbogbo orí ẹja tí mo ti ń bá Wùnmí du, kò sì sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi. Kò dùn. Mo tún padà sọ́dọ̀ ewúrẹ́.

Mo dàgbà, mo di tíṣà, wọ́n sì gbé mi lọ sí ilé ìwé kan lápá Abigi. Ọjọ́ Sátidé kan, mo gba ọ̀nà Makun-Omi, mo ń béèrè títí mo fi rí ilé náà. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ààrò, ó ń yan ẹja, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi. Mo kágò. Kò gbójú sókè.

"Yèsí?"

Ohùn Ìyá Àgbà ni. Nínú èéfín, létí omi, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ Ìjẹ̀bú bẹ́ẹ̀. Ó yíjú, ó wò mí, ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sínú iná.

A jókòó lórí pákó tó kọjú sódò, àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò wá. Nígbà tí ẹ̀rín àti omijé rọlẹ̀, mo bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti kékeré: kí ló dé tí kò padà wá?

Ó ní, "Mo di ẹrù mi. Nígbà tí wọ́n kà wá tán, mo di í, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi ní ká ní sùúrù, pé ilé yín ti kún jù, a kì í ti ọmọ mọ́ni lọ́wọ́. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ mi, wọn á ránṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ọkọ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó pẹ́, ìyá mi ló tú ẹrù náà, torí wọ́n nílò aṣọ tí mo fi dì í."

Ìyá Àgbà kò fẹ́ fi agídí gbọmọ. Bàbá Wùnmí kò fẹ́ fi ọmọ ni ẹnikẹ́ni lára. Ọmọlúàbí ni àwọn méjèèjì. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún ara wọn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbéra, àwa ọmọdé méjì sì dúró sí etí ọ̀nà méjì, à ń ṣọ́nà.

Nígbà tí mo lọ sílé, mo sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, Bàbá Àgbà sì ti kú. Ó bi mí pé:

"Ṣé ó ga?"

"Ó ga, Ìyá."

"Mo mọ̀ pé yóò ga."

Wùnmí wá sí Japara nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìjókòó Ìyá Àgbà, ó fi ojú rẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ arúgbó náà, Ìyá Àgbà sì fi àtẹ́lẹwọ́ tọ iwájú orí rẹ̀, imú rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. "O pẹ́," ohun tó sọ fún un nìyẹn. Wùnmí ní kí Ìyá má bínú. Ó bá wa dúró di ọjọ́ ọjà, òun ló ń wẹ̀ fún Ìyá Àgbà, òun ló ń di irun rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní àwọn ọmọ òun ń retí òun.

Ọdún ń gorí ọdún. Ìyá Àgbà lọ, Ìyá Kékeré lọ. Mo fẹ́ ọkọ, mo sin ọkọ, mo padà sí ilé Bàbá Àgbà nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ mi wà ní Èkó, ní Àbújá, àti ní ìlú tútù kan ní Kánádà. Wọ́n ń pè mí lórí fóònù, mo ń rí ojú wọn, wọ́n sì ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Wùnmí náà ń pè, títí fóònù rẹ̀ fi dákẹ́. Mo ní yóò pè mí bó bá ra òmíràn. Ìyẹn ti ṣáájú òjò tó kọjá, òjò mìíràn sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tí ọmọbìnrin ìjọba yẹn wá ló tó yé mi ohun tí mò ń ṣe. Mo tún jókòó, mò ń retí kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ ránṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fún aládùúgbò mi ní kọ́kọ́rọ́, mo sì wọ ọkọ̀.

Makun-Omi ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Wùnmí ń bẹ láàyè. Etí rẹ̀ ti di, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń bá mi ké sí i. Fóònù rẹ̀ bọ́ sódò, gbogbo nọ́ńbà sì bá a lọ. Ó ní òun rò pé ó ti rẹ̀ mí ni n kò ṣe wá, òun kò sì fẹ́ da àgbàlagbà láàmú. A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wa.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ́ńjìnnì ló ń ti ọkọ̀ ojú omi báyìí. Ilé tó ń kún tẹ́lẹ̀ ti ṣófo, kì í ṣe ìjà ló tú u. Ìwé ni, iṣẹ́ ni, ohun rere tí àwa gan-an gbàdúrà fún ni. N kò bá ọjọ́ iwájú jà. Ṣùgbọ́n èèyàn ṣì ń fi ìtìjú ṣọ́ ara wọn láti òdìkejì odò bíi ti àtijọ́, kálukú sì ń sọ pé òun kò fẹ́ yọ ẹnìkejì lẹ́nu. Bí ẹ bá ní ẹni tí ẹ ń retí, ẹ dìde.

Nírọ̀lẹ́ àná, a jókòó sórí pákó tó kọjú sómi. Wùnmí bi mí pé ìgbà wo ni mò ń lọ. Mo sún mọ́ etí rẹ̀, mo ní n kò tíì mọ̀. Ó ronú sí i díẹ̀, ó mi orí, ó sì sún kí àyè lè gbà mí dáadáa.